Browser Wo Ló Lè Bo Àṣírí Wa?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe jìn sí i, kí n tó wá sọ àwọn tó gbẹ́ ẹ.

Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, èmi àti ọmọge kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan náà ń fẹ́ra wa. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì dé etí ẹnikẹ́ni. AS ni mí, AS lòun náà. Mi ò rò pé ẹ nílò àlàyé lórí ìyẹn. Lóru ọjọ́ kan tí gbogbo yàrá ti sùn, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí kiri: ṣé AS àti AS lè fẹ́ra, èló ni wọ́n fi ń yẹ oyún wò, àwọn wo ló ṣe é tí ọmọ wọn ò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí n tó sùn.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ yàrá mi yá kọ̀ǹpútà náà láti fi wo àbájáde bọ́ọ̀lù. Ojú ewé bọ́ọ̀lù ló ṣí o, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìpolówó tó wà lápá ọ̀tún, ti àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ni. Ó lọ sí ojú ewé ìròyìn, ìpolówó ilé ìwòsàn kan tó ń ran tọkọtaya AS lọ́wọ́ láti bímọ ló tún yọ síbẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba, ìwọ àti ta lẹ fẹ́ fẹ́ra yín ní AS?" Èmi tí mi ò mọ irọ́ pa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. Kó tó di alẹ́, gbogbo kọ́rídọ̀ ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọge náà. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù: "Ta lo sọ fún?"

Mo ní mi ò sọ fún ẹnì kankan. Òótọ́ sì ni. Mi ò sọ fún èèyàn ẹlẹ́ran-ara kankan.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ìtàn yìí nìyẹn. Mo fẹ́ mọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá browser kan wà tí kò ní sọ fún ẹlòmíì. Mo rò pé ọjọ́ méjì ni máa fi wádìí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà mí, ìdánwò kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí olófòófó kankan ò tíì sí níbẹ̀. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ńlá tó wà ní ààlà Switzerland àti Faransé, ló mú àbá web wá ní ọdún 1989. Ní 1990 ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ browser àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda iṣẹ́ náà fún gbogbo ayé, láìgba kọ́bọ̀. Ọdún yẹn náà ni Marc Andreessen àti Eric Bina gbé Mosaic jáde ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni Andreessen nígbà yẹn o. Ní 1994 òun àti Jim Clark ti dá ilé-iṣẹ́ tó wá di Netscape sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995 tí wọ́n ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ fún aráàlú, dọ́là 28 ni wọ́n dá lé ìpín kan, dọ́là 58 lé díẹ̀ ló wà nígbà tí ọjà ọjọ́ náà parí. Ẹ fi owó yẹn sọ́kàn, torí owó ló ń darí gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Web ìgbà náà kò ní ìrántí rárá. Ṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ bá lọ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan, tó jẹ́ pé bó bá ti yíjú sí agbada tó tún yíjú padà, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, kí lẹ fẹ́ rà?" Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ nǹkan, àlejò tuntun lẹ jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà tó wà lódìkejì. Ìyẹn dára fún àṣírí, àmọ́ kò dára fún ọjà. Báwo lẹ ṣe máa kó ẹrù sínú apẹ̀rẹ̀ ní ilé ìtajà tí kò rántí pé ẹ mú apẹ̀rẹ̀?

Lou Montulli, òṣìṣẹ́ Netscape, ọmọ ọdún 23, ló wá ọgbọ́n sí i ní 1994. Ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe ní láíbìrì: ẹ gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fún yín ní táálì tó ní nọ́ńbà, ẹ padà dé, ẹ mú táálì jáde, wọ́n mọ báàgì tó jẹ́ tiyín. Wọn ò bèèrè orúkọ. Kúkì nìyẹn. Ojú ewé tí ẹ lọ á fún browser yín ní nọ́ńbà kan, browser á tọ́jú rẹ̀, bí ẹ bá tún padà lọ, browser á fi nọ́ńbà náà hàn. Ohun tí Netscape kọ́kọ́ lò ó fún ni láti mọ̀ bóyá ẹni tó wá sójú ewé wọn ti wá rí tẹ́lẹ̀. Kò sí ibi kankan nínú ìyẹn. Òun náà ló ń jẹ́ ká lè wọ íméèlì wa láìmáa kọ password ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú.

Ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ibi tí ògiri ti lanu rè é: ojú ewé kan lè gbé àwòrán wá láti ibòmíì. Ojú ewé bọ́ọ̀lù lè ní kí àwòrán ìpolówó wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí ẹ ò bá dòwò pọ̀ rí, ilé-iṣẹ́ náà á sì fi táálì tirẹ̀ há yín lọ́wọ́ bó ṣe ń gbé àwòrán rẹ̀ bọ̀. Ẹ wá fojú inú wo ọkùnrin kan tó gbé àpótí ìjókòó síwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọjà: níwájú aláṣọ, níwájú olóògùn, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, níwájú ilé ọtí. Ọkùnrin kan náà ni níbi gbogbo. Ó fún yín ní nọ́ńbà 417 níwájú olóògùn. Ẹ dé ọ̀dọ̀ aláṣọ, ó ní, "Á à, 417 náà rè é." Ẹ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún kọ ọ́ sílẹ̀. Kò mọ orúkọ yín, ṣùgbọ́n kí ló kù tí kò mọ̀? Ọkùnrin orí àpótí yìí ló tẹ̀ lé mi láti ojú ewé jẹ́nótáìpù dé ojú ewé bọ́ọ̀lù. Kúkì ẹni kẹta ni wọ́n ń pe táálì rẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé wọ́n mọ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1996 ni ìwé ìròyìn Financial Times tú àṣírí kúkì fún aráyé. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ tó ń lo Netscape kò mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà wọn. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1997, ìwé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní RFC 2109. David Kristol àti Montulli fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó sọ níbẹ̀ pé browser ò gbọdọ̀ máa gba kúkì ẹni kẹta látilẹ̀wá, àfi bí oníbàárà bá fúnra rẹ̀ ní kó gbà á. Netscape ò tẹ̀ lé e. Microsoft ò tẹ̀ lé e. Montulli ṣàlàyé lẹ́yìn ọdún pípẹ́ pé òun ronú lé e lórí dáadáa: tí wọ́n bá dí ọ̀nà yẹn, àwọn onípolówó á wá ọ̀nà mìíràn tí ojú oníbàárà ò ní tó, àti pé ó sàn kí nǹkan náà wà níbi tí èèyàn ti lè rí i, tó sì lè pa á rẹ́. Mo ka àlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, mi ò ní parọ́. Àmọ́ mélòó nínú wa ló ti lọ pa kúkì rẹ́ rí?

Ilé-iṣẹ́ tó jókòó sórí àpótí jù lọ láyé ìgbà náà ni DoubleClick, tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1996. Ní 1999 wọ́n ra Abacus Direct, ilé-iṣẹ́ tó ní orúkọ, àdírẹ́sì, àti ìtàn ohun tí ọ̀kẹ́ àìmọye ìdílé ní Amẹ́ríkà ti rà. Ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ẹni tó mọ 417 ti ra ìwé tí orúkọ 417 wà nínú rẹ̀. Aráàlú pariwo, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2000, ọ̀gá wọn, Kevin O'Connor, jáde wá sọ pé àṣìṣe ni, àwọn dá a dúró. Ó tán nìyẹn, àbí? Ní oṣù kẹrin ọdún 2007 Google kéde pé òun máa ra DoubleClick ní bílíọ̀nù 3.1 dọ́là. Ìlànà Google sọ fún ọdún pípẹ́ pé àwọn ò ní pa àkọsílẹ̀ DoubleClick pọ̀ mọ́ orúkọ ẹni láìjẹ́ pé onítọ̀hún gbà. Ní 2016, wọ́n yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Kò sí ariwo. Ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n torí rẹ̀ pariwo ní 2000, ìlà kan tí wọ́n yọ nínú ìwé ló gbé e wọlé padà.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún bọ̀dá tó ń bá wa tẹ ìwé lẹ́yìn géètì, ẹ̀rọ wọn náà ni a fi ṣe ẹ̀dà ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Káfè ni ṣọ́ọ̀bù wọn ní 2003. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tiwa, kì í ṣe ìpolówó là ń bẹ̀rù. Ẹni tó máa jókòó sórí àga náà lẹ́yìn rẹ là ń bẹ̀rù." Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé fún browsing òru, wọ́n á sanwó, wọ́n á wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, oorun á gbé wọn lọ, wọ́n á dìde láìti íméèlì wọn. Ẹni tó bá wọlé láàárọ̀ á ka gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí bọ̀dá ń ṣe ní ìdájí ni kí wọ́n máa ti kọ̀ǹpútà kan dé èkejì, kí wọ́n máa pa ohun tí àwọn èèyàn ti wò rẹ́. Mo bi wọ́n pé, "Bọ̀dá, browser wo lẹ ń lò nígbà yẹn?" Wọ́n ní, "Ṣé browser pọ̀ ni? Lẹ́tà E aláwọ̀ búlúù yẹn náà ni."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Internet Explorer ti Microsoft jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, wọ́n sì so ó mọ́ Windows, ọ̀fẹ́, nígbà tí Netscape ń ta tirẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà pe Microsoft lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ ní 1998, ṣùgbọ́n kí ilé-ẹjọ́ tó parí ọ̀rọ̀, Netscape ti kú. Nígbà tó fi di 2002 àti 2003, ó lé ní 90 nínú 100 tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi Internet Explorer wò ó. Kí Netscape tó kú ló fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1998, kí ẹni tó bá fẹ́ máa tún un ṣe. Inú ẹ̀ ni Mozilla ti jáde, inú Mozilla sì ni Firefox ti jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2004.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Firefox dáadáa, torí òun ni gbogbo ẹni tí mo bi ní ìbéèrè ń dárúkọ. Àjọ tí kì í ṣe ti èrè ló ni ín. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dáwó láti fi polówó rẹ̀ nínú New York Times, wọ́n sì tẹ orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó dáwó síbẹ̀. Ìfẹ́ tòótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń bọ́ ọ? Google. Google ń sanwó kí àpótí ìwádìí inú Firefox lè jẹ́ tirẹ̀. Ní 2005 nìkan, owó tó wọlé fún Mozilla lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ láti ọ̀nà yẹn. Yàtọ̀ sí ọdún díẹ̀ tí Yahoo fi gbà á láti ìparí 2014 títí di 2017, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ọ̀gá tó ń bójú tó owó Mozilla jẹ́rìí nílé-ẹjọ́ pé nínú 100 kọ́bọ̀ tó ń wọlé fún wọn, Firefox ló ń mú nǹkan bí 90 wá, àti pé nǹkan bí 85 nínú 100 èyí ló ti ọwọ́ Google wá. Ẹni tí a ní kó bò wá lójú Google, Google ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, kì í ṣe Firefox ló mú ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Opera Mini ni. Norway ni Opera ti wá, ní àárín ọdún 1990 sí 2000. Wọ́n gbé Opera Mini jáde fún gbogbo ayé ní oṣù kìíní ọdún 2006. Fóònù Nokia kékeré tí kò lágbára kankan, Opera Mini á ṣí ojú ewé níbẹ̀, détà á sì pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Báwo ló ṣe ń ṣe é? Fóònù yín kì í lọ sí ojú ewé náà fúnra rẹ̀. Ó ń rán kọ̀ǹpútà Opera níṣẹ́. Kọ̀ǹpútà Opera á lọ mú un wá, á fún un pọ̀ bí ẹni fún gàrí, á wá gbé e fún yín. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí ẹ bá kà, àti ohun tí ẹ bá kọ, títí kan èyí tó yẹ kó wà ní títì láàárín ẹ̀yin àti ilé ìfowópamọ́ yín, ọwọ́ Opera ló ń gbà kọjá, tí wọ́n á tú, tí wọ́n á tún dì. Opera ò fi bò, wọ́n kọ ọ́ sínú àlàyé wọn. Èmi ò mọ̀, ìyá mi ò mọ̀, bọ̀dá oníkáfè pàápàá ò mọ̀ títí mo fi sọ fún wọn. A ò rí i bí nǹkan burúkú. Owó détà ló jẹ wá lógún. Ní 2016, àwọn olówó láti ilẹ̀ Ṣáínà ra browser náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 575 dọ́là. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ kan náà ló dá OPay sílẹ̀ níbí, OPay tí gbogbo wa fi ń sanwó oúnjẹ yìí. Mi ò sọ pé wọ́n ṣe ohun tí kò dára o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí bàbá wa gbé àṣírí rẹ̀ lé lọ́wọ́ ní 2006 kọ́ ló ni ilé náà mọ́ ní 2016, kò sì sẹ́ni tó wá bi bàbá wa léèrè.

Chrome dé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Ibí ni mo ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwádìí yìí. Nínú ìwé àdéhùn tí Google gbé jáde pẹ̀lú rẹ̀, abala 11 sọ pé ohun tí ẹ bá gbà kọjá nínú Chrome, ẹ fún Google ní àṣẹ títí ayé láti lò ó, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, láti gbé e jáde. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n pariwo. Kò pẹ́ rárá tí Google fi tọrọ gáfárà: wọ́n ní ṣe làwọn da ìwé àdéhùn iṣẹ́ mìíràn kọ, pé ó ṣèèṣì wọ ibẹ̀ ni. Wọ́n yọ ọ́. Àwọn tó ń lo Firefox fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an.

Ẹ wá gbọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2025, Firefox gbé ìwé àdéhùn jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wà níbẹ̀ pé ohun tí ẹ bá tẹ̀ sínú Firefox, ẹ fún Mozilla ní àṣẹ láti lò ó, káàkiri àgbáyé, láìsanwó fún yín. Lákòókò kan náà, wọ́n yọ ìlérí tó wà lójú ewé ìbéèrè wọn pé àwọn ò ta àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni rí, àwọn ò sì ní tà á láé. Ariwo tún ta. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà kọ, wọ́n ní Mozilla ò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ohun tí ẹ bá kọ. Lórí ti títà, wọ́n ní òfin àwọn ìpínlẹ̀ bíi California túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà "tà" ní ọ̀nà tó gbòòrò débi pé àwọn ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé àwọn ò tà nǹkan kan. Mo gba àlàyé wọn dé àyè kan. Agbẹjọ́rò ló kọ ọ́, agbẹjọ́rò sì máa ń bo ọ̀gá rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìlérí tí wọ́n yọ kò padà síbẹ̀ bó ṣe wà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín 2008 àti 2025, gbólóhùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.

Àwọn kan á ti máa sọ lọ́kàn wọn pé, "Kí ló dé tí ò lo Incognito?" Ọmọ yàrá mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, bí mo bá ti lò ó lóru ọjọ́ yẹn, kúkì yẹn ì bá ti kú nígbà tí mo ti fèrèsé náà pa, ọmọ yàrá mi ì bá má rí nǹkan kan. Ohun tó wà fún nìyẹn: ó ń bò yín lójú ẹni tó máa jókòó sórí àga lẹ́yìn yín, bíi ti bọ̀dá oníkáfè. Kò bò yín lójú ojú ewé tí ẹ lọ, kò bò yín lójú ẹni tó ni Wi-Fi. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn kan ní California pe Google lẹ́jọ́ pé ó ń kó àkọsílẹ̀ àwọn tó wà ní Incognito. Ní 2024 wọ́n parí rẹ̀: Google gbà láti pa bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù àkọsílẹ̀ rẹ́, ó sì ti tún ọ̀rọ̀ tó wà lójú Incognito kọ. Èrò ọ̀pọ̀ ni pé aṣọ ni Incognito. Agboòrùn ni, ó ń bo orí nìkan.

Kúkì ẹni kẹta ńkọ́? Ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Safari ti Apple ti ń dínà fún púpọ̀ nínú wọn tipẹ́. Kódà ní 2012, ìjọba Amẹ́ríkà gba mílíọ̀nù 22.5 dọ́là lọ́wọ́ Google torí pé ó fọgbọ́n gba ẹ̀yìn Safari wọlé. Firefox bẹ̀rẹ̀ sí í dí àwọn tó ń tọpa ẹni fún gbogbo èèyàn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Safari dí gbogbo rẹ̀ pátá ní oṣù kẹta ọdún 2020. Google náà ní oṣù kìíní ọdún yẹn ṣèlérí pé láàárín ọdún méjì, òun á mú un kúrò nínú Chrome. Ó di 2023. Ó di 2024. Ó di 2025. Ní oṣù keje ọdún 2024 ó ní òun ò ní mú un kúrò mọ́, oníbàárà lòun máa bi léèrè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ó ní òun ò tiẹ̀ ní bi í. Torí náà, Chrome ni mo lò lóru ọjọ́ yẹn, láìtún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀, táálì 417 sì há mọ́ mi lọ́wọ́.

Ti àwọn yòókù, mo máa yára sọ ọ́. Brendan Eich, ẹni tó kọ JavaScript ní Netscape ní 1995, ló dá Brave sílẹ̀. Látilẹ̀wá ló ń dí ìpolówó, ó sì dára. Àmọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2020 wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń fi kóòdù owó tirẹ̀ kún àdírẹ́sì tí èèyàn ń tẹ̀. Eich tọrọ gáfárà. DuckDuckGo ní òun ń dí gbogbo olùtọpa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 oníwàádìí kan rí i pé ó ń jẹ́ kí ti Microsoft kọjá nítorí àdéhùn tó wà láàárín wọn, oṣù kẹjọ ló tó tún un ṣe. Tor nìkan ni mi ò rí irú èyí nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú Tor lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì họ́sítẹ́ẹ̀lì wa kí ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí fún mi.

Òfin ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Wọ́n fọwọ́ sí òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC ní kí Meta san mílíọ̀nù 220 dọ́là lórí ìlànà tí WhatsApp yí padà ní 2021, ilé-ẹjọ́ tí Meta lọ bá sì ti àjọ náà lẹ́yìn ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Nígbà tí mo kà á, inú mi dùn débi pé mo ka ìròyìn náà sókè nínú yàrá.

Kí ni mò ń lò báyìí? Firefox ni, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí. Kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́ tán. Ìdí mi ni pé tí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ padà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn tó ń ka kóòdù àti ìwé àdéhùn rẹ̀ á pariwo kó tó di ọ̀la, mo sì ti rí i pé ariwo ń ṣiṣẹ́. Mo fi uBlock Origin kún un, èyí tí Chrome ti kó dànù láàárín 2024 sí 2025 nígbà tó yí ìlànà rẹ̀ padà. Chrome ṣì wà níbẹ̀ fún ojú ewé ilé-ìwé kan tí kì í ṣí níbòmíì, ohun yẹn nìkan ni mo sì ń fi í ṣe. Opera Mini wà lórí fóònù kékeré mi fún bọ́ọ̀lù ní ìparí oṣù. Ọ̀rọ̀ banki ò gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Ọmọge náà ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejìlá ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí láíbìrì, ó jókòó ní ìdojúkọ mi, ó ní, "Bá mi fi browser tí ò ń pariwo rẹ̀ yẹn sí i." Mo fi sí i. Ojú ewé àdéhùn yọ. Mo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọjá, ó di ọwọ́ mi mú. "Dúró ná, jẹ́ kí n kà á." Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò gbójú sókè. Ó wá tọ́ka sí ìlà kan, ó ní kí ni eléyìí túmọ̀ sí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ní tábìlì kejì, ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ń sùn lórí ìwé rẹ̀. A jọ dìde, a lọ jí i.